Ojú Amí àti Ìwé Oníṣirò: Bí Àwọn Ará Amẹ́ríkà Ti Ń Ṣàyàn Agbábọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1984, ní gbọ̀ngàn kan ní ìlú New York, ọkùnrin kan tí a ń pè ní David Stern dìde níwájú àwùjọ, ó sì pe orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tí a yàn nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ṣe iṣẹ́ oòjọ́ ní ọdún náà. Ẹgbẹ́ Houston Rockets ni ó yàn án. Orúkọ tí ó pè kì í ṣe ti ọmọ Amẹ́ríkà. Ọmọ Èkó ni, Hakeem Ọlájùwọ́n, tí àwọn ará ibẹ̀ ń kọ ní Akeem nígbà náà. Ọmọ tí ó ti ṣe aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù afẹsẹ̀gbá, tí ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, kí ẹnikẹ́ni tó fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lé e lọ́wọ́. Kò ju nǹkan bí ọdún 4 lọ tí ó ti dé Amẹ́ríkà. Ẹni kẹta tí a pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Michael Jordan.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe ìyìn ọmọ wa ni mo jókòó láti kọ. Àwọn ẹlòmíràn ti kọ ọ́ tó. Ohun tí ó ń gbé mi lọ́kàn ni ìbéèrè kan tí kò jìnnà sí iṣẹ́ tiwa: báwo ni àgbàlagbà ṣe ń wo ọmọ ọdún 19 tàbí 20, kí ó sì sọ ohun tí ọmọ náà yóò dà ní ọdún 10 sí i? Àwa náà ń ṣe é lọ́dọọdún. A ń fi máàkì ṣe é, a ń fi ojú lásán ṣe é, a kì í sì í sábà padà wò ó bóyá bí a ti sọ ọ́ ni ó rí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe tiwọn ní gbangba láti ọdún 1947, wọ́n sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àtàṣeyọrí àtàṣìṣe, tí ó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè ṣí ìwé náà kí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Olùkọ́ bí tiwa ni ó dá eré náà sílẹ̀. James Naismith ni orúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nígbà tí a ní kí ó wá eré kan tí àwọn ọ̀dọ́ lè ṣe nínú ilé ní àkókò òtútù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, ó kan agbọ̀n èso méjì mọ́ òkè, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ó sì kọ òfin 13 lẹ̀ mọ́ pátákó. Nígbà tí ó fi máa di 1946, àwọn olówó tí ó ní gbọ̀ngàn ńláńlá ti rí i pé owó wà nínú rẹ̀. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀, àjọ náà ni ó di NBA ní 1949. Ní 1947 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìṣàyàn. Òfin rẹ̀ rọrùn: ẹgbẹ́ tí ó fìdí rẹmi jù ní ọdún tí ó kọjá ni yóò kọ́kọ́ yàn nínú àwọn ọmọ tí ó ń jáde ní yunifásítì, kí ọlọ́rọ̀ má baà kó gbogbo ọmọ rere lọ.

Òfin rere ni, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ọmọ aráyé kì í wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà yí ká. Títí di 1965, ẹgbẹ́ kan lè fi ẹ̀tọ́ ìyàn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì gba ọmọ tí ó ti di olókìkí ní àdúgbò rẹ̀, nítorí kí àwọn ará ìlú lè máa sanwó wá wò ó. Láti 1966 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta owó ẹyọ sókè láàárín ẹgbẹ́ méjì, èyí tí ó kẹ́yìn ní ìpín kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìfura pọ̀ pé àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù eré kí wọ́n lè kẹ́yìn, wọ́n sọ ọ́ di ṣíṣẹ́ kèké ní 1985. Ọdún 1984 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi ni ó kẹ́yìn nínú títa owó ẹyọ náà: Houston àti Portland ni ó dúró dè é, Houston ni ó sì mú un.

Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán eré ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, ìwé tí a ń kọ iye sí kò sì nípọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọmọ kan ní láti lọ wò ó, tàbí kí ó ní ẹni tí yóò bá a wò ó. Àwọn tí a ń rán lọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní amí nínú ìwé yìí, nítorí iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí Mósè rán lọ wo ilẹ̀ Kénáánì: wọn yóò lọ wo bí ilẹ̀ náà ti rí, wọn yóò sì padà wá jíyìn. Ẹ rántí pé àwọn amí 12 náà rí ilẹ̀ kan náà, síbẹ̀ ìròyìn wọn kò dọ́gba.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù ní ayé ìgbà náà ni ti Bill Russell. Ní 1955 àti 1956, yunifásítì San Francisco tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù gba ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n jíju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n kọ́ ni ọgbọ́n rẹ̀ ti pọ̀ jù. Dídí tí ó ń dí ti ẹlòmíràn ni. Ẹni tí ó ń darí ẹgbẹ́ Boston, Red Auerbach, gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu Bill Reinhart, olùkọ́ tí ó ti kọ́ òun fúnra rẹ̀ ní yunifásítì. Reinhart ti rí ọmọ náà lójú pápá, Auerbach sì gba ojú olùkọ́ rẹ̀ gbọ́. Ó fi agbábọ́ọ̀lù rere méjì, Ed Macauley àti Cliff Hagan, fún ẹgbẹ́ St. Louis kí ó lè rí Russell gbà. Láàárín ọdún 13, Russell bá Boston gba ife NBA ní ìgbà 11. Ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ yàn ní ọdún náà, Rochester, fojú fo ó, ó yan Sihugo Green.

Ibí yìí ni ó yẹ kí àwa olùkọ́ dúró díẹ̀ sí. Bí a bá ṣí ìwé NBA lónìí láti ka iye bọ́ọ̀lù tí Russell dí, a kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Láti sáà 1950 sí 1951 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́ọ̀lù tí ó ta padà tí eléré sì gbé. Ṣùgbọ́n sáà 1973 sí 1974 ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí tí a dí àti èyí tí a já gbà, Russell sì ti fẹ̀yìn tì ní 1969. Iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ọ̀gá kò sí nínú àkọsílẹ̀ rárá. Oníṣirò tí ó bá jókòó sínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìgbà náà nìkan ìbá pe Russell ní eléré tí ó dára níwọ̀nba. Ohun tí a kò ní òpó fún nínú ìwé, a kì í rí i, bí ó tilẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójú wa lójoojúmọ́. Mo máa ń ronú nípa èyí nígbà tí mo bá ń yẹ ìwé máàkì wò ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí 1984. Nígbà náà yunifásítì Houston ti ń ka bọ́ọ̀lù tí a dí, ìlà mẹ́ta tí ó sì wà nínú ìwé nípa ọmọ Ọlájùwọ́n tó ohun tí a ń gbé ka orí tábìlì wò. Ní sáà 1981 sí 1982, bí a bá pín in dọ́gba lórí eré kọ̀ọ̀kan, ó gba ayò 8.3, ó gbé bọ́ọ̀lù 6.2 tí ó ta padà, ó sì dí 2.5. Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, ó di 13.9, 11.4 àti 5.1. Ní sáà 1983 sí 1984, ó di 16.8, 13.5 àti 5.6. Ẹni tí ó bá wo ìlà kẹta nìkan yóò rí ọ̀dọ́ kan tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n tí àwọn mìíràn ń gba ayò jù ú lọ. Ẹni tí ó bá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ yóò rí ọmọ tí kò tí ì dúró. Ojú amí sì rí èyí tí ìwé kò kọ: ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti ẹni gíga lọ, nítorí pé ìdí bọ́ọ̀lù afẹsẹ̀gbá àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó ti kọ́ bí a ti ń gbé e. Ìwé àti ojú fẹnu kò lórí rẹ̀. Ó bá Houston gba ife ní 1994 àti 1995, bọ́ọ̀lù 3,830 tí ó dí kò sì tí ì rí ẹni bá a dọ́gba láti ìgbà tí a ti ń kà á.

Portland ni ó yàn tẹ̀lé e, ó sì yan Sam Bowie dípò Jordan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Portland ti yan Clyde Drexler ní ọdún tí ó ṣáájú, ibi tí Jordan sì ń dúró gbá bọ́ọ̀lù ni Drexler náà ń dúró. Ẹni gíga ni wọ́n ń wá, Bowie sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n wò gidi ni pé egungun ẹsẹ̀ Bowie ti mú kí ó pàdánù sáà 2 gbáko ní yunifásítì Kentucky. Àkọsílẹ̀ ni èyí pẹ̀lú, kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àìní wọn ni ó dí wọn lójú. Ẹsẹ̀ náà kò jẹ́ kí Bowie gbádùn eré bí ó ti yẹ, nígbà tí Jordan gba ife 6 fún Chicago láàárín 1991 àti 1998. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ físíìsì, tí ó wá gba ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé òun lè kọ́ físíìsì láìbéèrè ìdí tí ó fi kúrò níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ fi Portland ṣẹ̀sín.

Èmi náà ní ti tèmi. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, kí a tó fi mí ṣe alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, a ní kí n yan ọmọ 2 tí yóò ṣojú wa níbi ìdíje ìṣirò. Mo ṣí ìwé máàkì, mo ro ti sáà 3 pọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo sì mú àwọn 2 tí àròpọ̀ wọn pọ̀ jù. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí ó ti ìlú mìíràn wá bá wa ní sáà kejì. Sáà 2 péré ni ó ní máàkì, mo sì fi àròpọ̀ sáà 2 rẹ̀ wé àròpọ̀ sáà 3 ti àwọn yòókù. Bí mo bá ti pín in bí ó ti yẹ, òun ni ìbá ṣe ìkíní. Ọdún ti parí, àwọn òbí rẹ̀ sì ti tún kó lọ, kí n tó rí ohun tí mo ṣe. Ìṣirò ni mo sì ń kọ́ wọn o!

Irú àṣìṣe yìí gan-an ni àwọn oníṣirò bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ gbéjà kò. Ọmọ kan lè gba ayò 18 nínú eré nítorí pé kò jókòó rí. Ẹlòmíràn gba 9 ní ìdajì àkókò. Nítorí náà wọ́n ń pín iye gbogbo lórí ìṣẹ́jú 36, tàbí lórí ìgbà 100 tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí ẹsẹ̀ lè dọ́gba lójú ìlà. Lẹ́yìn náà wọ́n ń wo irú àwọn tí ọmọ náà bá gbá, nítorí pé ayò 20 níwájú aláìlera kì í ṣe ẹgbẹ́ ayò 20 níwájú akọni. Wọ́n ń wo ọjọ́ orí: bí ẹni ọdún 19 àti ẹni ọdún 22 bá ní iye kan náà, ẹni ọdún 19 ni wọn yóò mú. Wọ́n tilẹ̀ ń wo bí ọmọ ti ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dí, nítorí pé ó sábà ń sọ bí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti rí láti òkèèrè ju iye tí ó jù wọlé láti òkèèrè náà lọ, nígbà tí èyí kò bá tí ì pọ̀.

Dean Oliver, tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, kó púpọ̀ nínú èrò báyìí jọ sínú ìwé kan tí ó tẹ̀ ní 2004, ẹgbẹ́ Seattle sì gbà á síṣẹ́ ní ọdún kan náà. Ní 2007, Houston, ẹgbẹ́ Ọlájùwọ́n àtijọ́, fi Daryl Morey ṣe olórí àwọn tí ń ṣàyàn. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó kọ́ ní yunifásítì, kò sì gbá bọ́ọ̀lù jẹun rí. Ìtàn kan nípa rẹ̀ wà tí ó yẹ kí a kà fún gbogbo olùkọ́. Ní ọdún náà, ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé Marc Gasol, ọmọ Sípéènì kan, dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn amí rí àwòrán ọmọ náà láìwọ ẹ̀wù, wọ́n rí i pé ara rẹ̀ rọ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ ẹlẹ́yà. Orúkọ náà borí ìṣirò. Houston kò yàn án. Ẹni 47 ni a yàn ṣáájú rẹ̀. Ní 2013, òun ni a pè ní adènà tí ó dára jù ní gbogbo NBA. Láti ìgbà náà Morey fi òfin de orúkọ ìnagijẹ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mélòó nínú àwa olùkọ́ ni kò tí ì pe ọmọ kan ní olódo rí?

Síbẹ̀ kí a má ṣe sọ ìṣirò di òrìṣà. Ní sáà 2010 sí 2011, Jimmer Fredette ní yunifásítì Brigham Young gba ayò 28.9 lórí eré kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tí ó tó o ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹni kẹwàá ni wọ́n yàn án, ṣùgbọ́n kò rọ́wọ́ mú láàárín àwọn àgbà. Àwọn tí wọ́n gíga, tí wọ́n sì yára jù ú lọ, ni ó bá pàdé níbẹ̀, ìwé yunifásítì kò sì lè sọ bí yóò ti ṣe níwájú irú wọn. Wíwọn ara pẹ̀lú lè tan ni jẹ. Ní 2007, a ní kí àwọn ọmọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n gbé irin tí ó wúwo tó pọ́n-ùn 185. Kevin Durant kò lè gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ yìí kan náà ti gba ayò 25.8 lórí eré kọ̀ọ̀kan ní yunifásítì Texas nígbà tí kò tí ì pé ọdún 19. Greg Oden, tí ó tóbi, tí ó sì lágbára, ni a yàn ṣáájú rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ bà jẹ́, eré 105 péré ni ó gbá ní NBA. Durant di agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní 2014. Ẹgbẹ́ tí ó yan Oden? Portland ni. Ìgbà yìí n kò lè gbèjà wọn tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ amí kò tí ì parí, pàápàá fún àwọn ọmọ tiwa, nítorí pé ibi tí ìwé kò bá sí, ojú nìkan ni ó kù. Masai Ujiri, tí ó dàgbà ní Zaria, mọ èyí. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amí fún ẹgbẹ́ Orlando, kò gba owó oṣù. Láti 2013 sí 2025 òun ni ó darí ẹgbẹ́ Toronto. Ní 2016 wọ́n yan Pascal Siakam, ọmọ Kamẹrúùnù, ní ipò 27. Ó ti pẹ́ kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí, kò sì ní àkọsílẹ̀ láti ìgbà èwe bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2019, nínú eré àkọ́kọ́ tí a fi ń du ife, ó gba ayò 32, Toronto sì gba ife náà lẹ́yìn-ọ-rẹyìn.

Ọ̀rọ̀ Giannis ni ó dùn mọ́ mi jù. Ní Athens ni a bí i ní 1994, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ilé wọn. Àwọn ará Gíríìsì kọ ọ́ ní álífábẹ́ẹ̀tì tiwọn, àwọn mìíràn tún yí i padà sí ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di Antetokounmpo, tí ó fi jẹ́ pé Yorùbá tí ó bá kọ́kọ́ rí i kò ní mọ̀ pé adé kan ni ó ti òkun bọ̀. Ní sáà 2012 sí 2013, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì ní Gíríìsì, ayò tí ó ń gbà kò tó 10 lórí eré kọ̀ọ̀kan. Kí ni ìṣirò fẹ́ fi èyí ṣe? Àwọn amí ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí gbọ̀ngàn kékeré níbẹ̀ láti wo ọmọ ọdún 18 kan tí apá rẹ̀ gùn, tí ó ga bí òpó, tí ó sì ń darí bọ́ọ̀lù bí ẹni kúkúrú. Ẹgbẹ́ 14 ni ó yan ẹlòmíràn kí Milwaukee tó mú un. Ó tún ga sí i lẹ́yìn tí a ti yàn án. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ó gba ayò 50 nínú eré tí ó parí ìjà, ó sì gbé ife fún Milwaukee. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé ìṣàyàn rẹ̀, 2014, ẹni 40 ni a yàn ṣáájú Nikola Jokić, ọmọ Sábíà, ẹni tí a ti pè ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù nígbà 3 láti ìgbà náà.

Ní ọdún 2021 náà ni ìdíje Basketball Africa League bẹ̀rẹ̀, a sì ń kọ ìṣẹ́jú àti ayò àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀ sílẹ̀. Ní 1980, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó gbé orúkọ ọmọ Èkó dé etí Guy Lewis tí ó ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Houston.

Láìpẹ́ yìí mo bẹ ilé ẹ̀kọ́ kan wò tí pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n rẹ̀ kò ní àwọ̀n, irin róbótó nìkan ni ó kù. Olùkọ́ eré ìdárayá wọn mú ìwé àjákọ kan jáde láti fi hàn mí. Ó ti fa ìlà sí i: orúkọ, ọjọ́ ìbí, iye tí a jù, iye tí ó wọlé, iye tí a dí. Òpó kan wà níkẹyìn fún ìṣẹ́jú. Mo bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ èyí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò sí ibi tí mo ti kọ́ ọ. Bí n kò bá kọ ìṣẹ́jú, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ alága ẹgbẹ́ òbí, tí a kì í yọ kúrò lórí pápá, ni yóò máa ṣe ìkíní.” Mo ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá dá a padà fún un, a sì jọ lọ wo kíláàsì kẹta tí ó ń dúró dè wá.